Báwo ni ọ̀nà ìkọ́ni ṣe yí padà láti ayé àtijọ́ títí dé ìgbà AI?

Ní ilẹ̀ àwa Yorùbá Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, bíi Kàbà àti Bùnú, kí ìwé tó dé, wíwò ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́. Ọmọbìnrin á jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí òfì, á kọ́kọ́ máa ran òwú. Bó bá hun ún tí kò gún, ìyá á tú u, á ní kó tún un ṣe.

Míṣọ́nnárì ló mú síléètì àti pátákó wá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 ti ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kò kan àwa ará Òkun rárá, torí Ẹkùn Àríwá ni wọ́n kà wá mọ́. Ti ìjọba àpapọ̀ ní 1976 la jẹ.

ChatGPT, ẹ̀rọ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) tó ń dáhùn ìbéèrè, jáde ní 2022. Ó yára lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń ṣi àmì ohùn Yorùbá fi sí. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.