Ìṣàmì ojú ìwé tí ọmọ mi fọwọ́ rán: báwo ni mo ṣe máa parí ẹ̀?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Manchester la wà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, kọ́ cross stitch (iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi òwú rán X kéékèèké sára aṣọ) níléèwé, ló bá rán ìṣàmì ojú ìwé fún màmá mi n'Ílé-Ifẹ̀, kí wọ́n máa fi sínú Bíbélì wọn. Òwú pupa ló fi kọ "MÀMÁ" sí i. Ó ti rán an tán, àmọ́ etí aṣọ ń tú, ẹ̀yìn ẹ̀ rí wúruwùru, ìdọ̀tí ọwọ́ sì wà lára ẹ̀. Ṣé kí n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ páálí mọ́ ọn lẹ́yìn? Ẹni tó máa bá wa mú un lọ ń rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé gọ́ọ̀mù àti páálí. Gọ́ọ̀mù á gba inú ihò aṣọ yọ sójú iṣẹ́, tó bá wá gbẹ, á dá àpá síbẹ̀. Houston lèmi wà, ọmọ tèmi náà ti rán mẹ́ta. Èmi ni mo ba àkọ́kọ́ jẹ́: mo lọ ọ́ kí n tó fọ̀ ọ́, ooru áyọ́ọ̀nù sì gbé ìdọ̀tí yẹn wọ aṣọ lọ ráúráú.

Torí òwú pupa, omi tútù àti ọṣẹ olómi díẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Bí aró bá ń jáde, ẹ ṣáà máa pààrọ̀ omi títí á fi mọ́; kó má lọ gbẹ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ má fún un. Ẹ ká a mọ́nú aṣọ ìnura, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ ọ́, ẹ da ojú ẹ̀ dé sórí aṣọ ìnura tó nípọn, kí iṣẹ́ náà má bàa tẹ́ pẹlẹbẹ.

Ní ti etí, kí ọmọ ka ihò mẹ́rin kúrò lára iṣẹ́, kó fi òwú funfun rán ìlà kan yí i ká, kí abẹ́rẹ́ máa padà sẹ́yìn ní ihò kọ̀ọ̀kan. Nínú aṣọ Aida, ìyẹn aṣọ oníhò tí wọ́n fi ń rán cross stitch, tó bá jẹ́ oníhò 14 sí ínṣì kan, ihò mẹ́rin ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ínṣì. Aṣọ ò ní lè tú kọjá ìlà yẹn.

Àǹkàrá ni kẹ́ ẹ fi bo ẹ̀yìn, èyí tẹ́ ẹ ti fọ̀ kó má bàa súnkì. Felt, ìyẹn aṣọ onírun tí wọn ò hun, ni wọ́n sábà ń lò níbí, àmọ́ ó nípọn jù fún ewé Bíbélì. Gum stay táwọn télọ̀ wa mọ̀, èyí tí ooru áyọ́ọ̀nù ń mú lẹ̀ mọ́ aṣọ, ojú kan ló fi ń lẹ̀. Èyí tó ń lẹ̀ lójú méjèèjì ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ gé òun àti àǹkàrá kó má kọjá ìlà funfun, ẹ fi òun sáàárín ẹ̀yìn iṣẹ́ àti àǹkàrá, kẹ́ ẹ wá gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Gbígbé lé ni o, ẹ má wọ́ ọ síwá sẹ́yìn.

Ẹ wá gé etí Aida ní ihò mẹ́ta sí ìlà, kí ọmọ fi ẹnu abẹ́rẹ́ fa fọ́nrán òwú yọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi kan ìlà. Wàjàwàjà á yọ, bíi ti etí ìpèlé aṣọ òkè. Ọmọ mi fẹ́ràn ibí yìí ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá rí X tó kọrí síbòmíì, ẹ má tú u. Mo tú ti ọmọ mi nígbà kan, ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.