Ọ̀dá inú ọkàn kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ kò dàgbà

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ béèrè, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní ó ti pẹ́ tí ẹ ti gba Kristi gbọ́, ẹ ń gbàdúrà, ẹ ń gbààwẹ̀, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé ọ̀run dákẹ́ lórí yín (èyí ni mo ń pè ní ọ̀dá), olórí ìjọ yín sì ní ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ló fà á. Ẹ wá fẹ́ mọ ohun tí a fi ń dá ẹni tó ń dàgbà nípa ti ẹ̀mí mọ̀, àti bóyá kí ẹ kúrò nínú ìjọ náà. Ojú mi ti rí irú èyí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá sí i.

Ní ti Bíbélì kíkà, àdúrà àti ìdàpọ̀ àwọn ará, ẹ ti mọ̀ wọ́n, n kò ní fi wọ́n dá yín dúró.

Nígbà tí ọ̀dá tèmi dé, mo lè ṣí ìwé Sáàmù kí n ka ẹsẹ kan ṣoṣo ní àkàtúnkà, kí n sì pa á dé láìmọ ohun tí mo kà. Bí ìjọ bá ń kọrin, ẹnu mi ń ṣí, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ẹni pé ohùn ẹlòmíràn ni mo ń gbọ́. Mo tọ àwọn agbaninímọ̀ràn ìjọ lọ. Wọ́n fún mi ní ìwé àti kálàmù, wọ́n ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ti dá láti kékeré sílẹ̀. Mo kọ ọ́ títí tí ojú ìwé fi kún, wọ́n kà á, wọ́n mirí, wọ́n ní ó ku èyí tí mo fi pa mọ́. Wọ́n dá mi padà lọ kọ sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí kò tilẹ̀ dá mi lójú pé mo ṣe. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó béèrè bóyá mo ń rí oorun sùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó béèrè ta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí, nítorí pé àwọn ènìyàn yìí mọ ìwé Jóòbù dunjú, wọ́n ń fi wàásù, wọn kò sì rí i pé ọ̀rọ̀ Élífásì, ọ̀rẹ́ Jóòbù, gan-an ló wà lẹ́nu wọn, pé ẹni tí ìyà ń jẹ ti ní láti ṣẹ̀. Ní orí 42, ẹsẹ 7, Ọlọ́run sọ fún Élífásì pé inú bí Òun sí i àti sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa Òun bí Jóòbù ti sọ. Ọjọ́ 7 àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ náà fi jókòó ti Jóòbù láìfọhùn nìkan ni wọ́n ṣe é re.

Ẹ lọ ka Sáàmù 88. Sáàmù 13 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún, ó sì parí sí orin, ṣùgbọ́n 88 kò yí padà bẹ́ẹ̀, inú òkùnkùn ló parí sí. Síbẹ̀ tọ̀sán-tòru ni ẹni tó kọ ọ́ ń ké pe Ọlọ́run. Lójú tèmi, àdúrà tí ènìyàn ń gbà nígbà tí kò rí adùn kankan nínú rẹ̀ mọ́ kì í ṣe àdúrà ọmọdé.

Ẹ jọ̀wọ́, bí àìsùn, àìlèjẹun tàbí èrò àtikú bá bá ọ̀dá yìí rìn, ẹ lọ rí dókítà kíákíá, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àìnígbàgbọ́. Nínú 1 Àwọn Ọba 19, Èlíjà tọrọ ikú lábẹ́ igi. Áńgẹ́lì tó tọ̀ ọ́ wá kò bá a wí, oúnjẹ àti omi ló fi jí i lójú oorun, ó sì tún padà wá ní ẹ̀ẹ̀kejì. Iná tó bọ́ sórí òkè Kámẹ́lì nígbà tí Èlíjà gbàdúrà ni àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti máa sọ, wọn kì í pẹ́ lórí oúnjẹ yìí. Ẹ sì sá fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ríran nípa ohun tó dí yín lọ́nà, tó wá dárúkọ owó tẹ̀ lé e.

Ohun tí ẹ béèrè gan-an rèé. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé kò sí ẹ̀bùn tí wọ́n ṣaláìní (1 Kọ́ríńtì 1:7), ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí 3, ọmọ ọwọ́ nínú Kristi ló pè wọ́n, wàrà ló ní òun fi bọ́ wọn, nítorí pé owú àti ìjà wà láàárín wọn. Nítorí náà, èdè àjèjì, ìran rírí àti àdúrà gígùn kò tó láti fi wọn ìdàgbà. Ẹ wo èso Ẹ̀mí 9 tó wà nínú Gálátíà 5:22-23, kí ẹ sì bi àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé, kí ẹ má bi àwọn tó ń rí yín lórí pẹpẹ. Ṣé ó ti yá yín lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti sọ pé ẹ jẹ̀bi? Bí wọ́n bá yin ẹlòmíràn fún iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣe, ṣé ẹ lè bá a yọ̀? Bí wọ́n bá tọ́ yín sọ́nà lójú àwùjọ, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe nígbà tí ẹ bá délé? Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé mo ń dàgbà nígbà tí ọkàn mi gbẹ bí èèpo, tí n kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ kò pọ̀. Àgbàlagbà kan tí kò ní oyè kankan nínú ìjọ máa ń wá ka sáàmù sókè sí mi létí, yóò sì lọ láìgba mi nímọ̀ràn.

Ní ti ìjọ tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ má fi ọ̀dá nìkan ṣe ìdí, nítorí ó lè bá yín dé ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ ohun tí ẹ jẹ́wọ́ ní ìkọ̀kọ̀ lórí pẹpẹ, tàbí tí wọ́n ń fi halẹ̀ mọ́ yín, ẹ sọ fún àwọn alàgbà pé ẹ ń lọ, kí ẹ sì lọ.