Èsì: Ẹ́ńjìnnì kékeré ará Jámánì tí ẹ rí nínú ilé ìkẹ́rùsí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire! Ẹ ní ẹ rò pé ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ omi ni. Rárá o. Sílíńdà méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn, òrùka fífà níwájú: Riedel lèyí jọ, èyí tí wọ́n ń kì bọ imú ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì Jumo 004 láti fi ṣíná fún un. Jumo yìí ló ń gbé bàálù Me 262 fò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ẹ wọn ihò sílíńdà. Tó bá jẹ́ mìlímítà 70, tí písítìnì sì ń rin 35 péré, òun gan-an ni. Agbára ẹṣin 10 ló ní, bó ti kéré tó yẹn!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ara rẹ̀. Lẹ́tà kéékèèké mẹ́ta, bó bá wà níbẹ̀, lè jẹ́ àmì àṣírí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ wá.