Camry mi ń mu omi: ṣé kí n pààrọ̀ ẹ́ńjìnì ni, àbí kí n tà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Camry 2004 ni mò ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, ẹ́ńjìnì 2.4. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń mu omi, tó sì ń gbóná tí mo bá ń lọ sí Ifẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, kò pẹ́ tó tún fi bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnì ti kú, kí n ra tòkunbọ̀. Ọmọ mi ní kí n tà á bó ṣe wà. Èwo ni kí n ṣe? Màmá Tíṣà, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìsinmi. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe èyí tó wà ńbẹ̀ ná. Àìsàn tí ẹ ṣàlàyé yìí, àwa tí à ń tún Camry 2002 sí 2006 ṣe mọ̀ ọ́n dáadáa. Álúmíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ìdí ẹ́ńjìnì 2.4 yẹn, ihò tí àwọn bóòtù tó de tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, mọ́lẹ̀ ń wọ̀ kò sì jìn tó. Bí ooru bá ti ń lù ú lọ́dún pípẹ́, ẹsẹ̀ síkúrúù inú ihò á jẹ, pàápàá àwọn tó wà lẹ́yìn, níhà ògiri tó ya ẹ́ńjìnì sọ́tọ̀ kúrò níbi tí a ń jókòó sí. Bóòtù á kàn máa yí lásán. Omi á wá máa gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì jò, níbi tí ojú kì í tètè dé, tàbí kó wọ inú kó di èéfín funfun. Ẹni tó bá ki gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ohun tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù àti búlọ́ọ̀kù, bọ̀ ọ́ láì tún ihò yẹn ṣe, ó fi owó yín ṣòfò ni. Mi ò bá mẹkáníìkì yín jà o, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni.

Ó ní àtúnṣe. Wọ́n á lu ihò náà fẹ̀, wọ́n á gé ẹsẹ̀ síkúrúù tuntun sí i, wọ́n á fi bùṣíìnì irin onísíkúrúù sínú rẹ̀ kí bóòtù lè rí nǹkan dì mú. Kì í ṣe iṣẹ́ sípánà lásán. Bí ẹ kò bá rí ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ ní Iléṣà tàbí Ifẹ̀, ẹ wá a dé Ìbàdàn. Ẹ ní kí wọ́n ṣe gbogbo ihò, kì í ṣe èyí tó jẹ nìkan, kí wọ́n fi bóòtù tuntun dè é, kí wọ́n sì yẹ ojú tọ́ọ̀pù wò bóyá kò tíì wọ́, nítorí gbígbóná máa ń jẹ́ kó wọ́.

Ìgbà wo ni èmi náà á gbà pé ẹ́ńjìnì ti kú? Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá rí bíi tíì oní-mílíìkì, omi ti ń bá ọ́ìlì pàdé. Bí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì bá tún wá ń dún kòkòkò, ẹ má náwó lórí tọ́ọ̀pù mọ́.

Bó bá di pípààrọ̀, iye tí wọ́n pe ẹ́ńjìnì ní Ladipo, ọjà spare-part ní Èkó, nìkan kọ́ ni ìnáwó. Owó tí ẹ ó fi gbé e dé Iléṣà, owó iṣẹ́, ọ́ìlì, fílítà, sííìtì ẹ́ńjìnì, bẹ́líìtì, họ́ọ̀sì, gáàsì ẹsíì, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Rédíétọ̀ ńkọ́? Bó bá ti dí, yóò pa tuntun náà. Ẹ tún rántí pé tòkunbọ̀ láti ara Camry 2004 mìíràn lè gbé àìsàn kan náà wá. Ti 2007 sí 2009, bóòtù wọn le jù, àmọ́ ọ́ìlì ni wọ́n ń mu nítorí ríǹgì písítìn, wáyà wọn kì í sì í bá ti yín mu tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kíìkì rẹ̀ lójú mẹkáníìkì yín, kó fi gééjì wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí ihò písítìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ tó; psi ni gééjì náà fi ń kà á. Bí ọ̀kan bá fi ju 15 psi lọ yàtọ̀ sí èkejì, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye tí Big Daddy tí ara rẹ̀ le ń lọ lọ́jà. Bí àpapọ̀ ìnáwó bá kọjá ìdajì rẹ̀, èmi kò ní pààrọ̀ ẹ́ńjìnì. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí gíáàbọ́ọ̀sì bá ti ń já lù yín kí àìsàn yìí tó dé, tàbí bí ìpẹtà bá ti jẹ abẹ́ mọ́tò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ yín ti wúlò. Àmọ́ ẹni tó ń ra mọ́tò tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, iye irin ló máa ń ṣírò. Nítorí náà, bí ara mọ́tò yín bá le, ẹ ṣí tọ́ọ̀pù yẹn wò kí ẹ tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Spare-part Camry wà níbi gbogbo, mo lè ná owó lé e lórí. Bó bá jẹ́ mọ́tò tí a ó máa wá plug rẹ̀ kiri ni, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tuntun náà, kí ẹ kó ìwé mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì kí wọ́n tún un kọ. Ọlọ́pàá tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà, nọ́ńbà yẹn ló máa ń wò.