Kí ni ìtumọ̀ “A kì í gbọ́n tó ‘báyìí ni n ó ṣe nǹkan mi’”?

Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè ní ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò pé olóríkunkun ni òwe yìí ń bá wí, àti pé àwọn olóríkunkun náà ni mẹ̀kúnnù tó ń dìbò láìmọ nǹkan kan. Inú bí mi nígbà tí mo kà á. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ dorí òwe kodò.

Ẹni tó rò pé òun gbọ́n ni òwe náà ń bá wí. Kò sí bó o ṣe lè gbọ́n tó, o ò lè gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì tó ẹni tó ti mọ bó ṣe fẹ́ kí nǹkan òun rí. “Nǹkan mi” ni ẹ tẹ́tí sí. Ibẹ̀ ni òwe náà wà.

Àwọn baba wa mọ̀ pé mẹ̀kúnnù náà mọ bó ṣe fẹ́ kí nǹkan òun rí, kí òyìnbó tó gbé àpótí ìbò dé. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìlámùrẹ́n tí í ṣe ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ńlá wà, Òṣùgbó tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìlú wà, síbẹ̀ wọ́n tún ní Pàǹpá, ìgbìmọ̀ tó ń gbẹnu sọ fún mẹ̀kúnnù. Ẹ bi ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ohun tó ń jẹ́ Pàǹpá, wọ́n á kàn máa wò yín ni. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ pàápàá, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, aṣọ ọdún Ojúde Ọba nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Ó dùn mí gan-an.

 

Gàrí ni ìyá mi ń yan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọn ò mọ̀wé. Àmọ́ bí ọ̀nà oko bá bàjẹ́, àwọn ló kọ́kọ́ ń mọ̀: ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ á pẹ́, ẹ̀gẹ́ á ti máa rà kó tó délé, owó kóńgò á gbéra. Wọ́n mọ káńsẹ́lọ̀ tó gbé katakata wá, wọ́n mọ èyí tó gbé ẹnu wá. Lóòótọ́, wọn ò mọ bí ìjọba ṣe ń pín owó. Ìyẹn niṣẹ́ tí a torí ẹ̀ yan aṣojú.

Lọ́dún 1991, nígbà ìbò gómìnà, wọ́n ní kí kálukú lọ tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó fẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan di ìyá mi lápá mú, omi ẹ̀gẹ́ ò tíì gbẹ lára aṣọ wọn. “Màmá, ẹ bọ́ síbí, ẹ ò mọ èyí tó dáa.”

Ìyá mi ní, “Ṣé ìwọ lo máa bá mi ra ẹ̀gẹ́ lọ́la?” Wọ́n yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n sì lọ sórí ìlà tí wọ́n ti mú nílé wá.