Ẹ Bi Wá: Òṣùpá Inú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi tó wà ní JSS 2 ní kí n ṣàlàyé "once in a blue moon" fún òun. Láti kékeré ni mo ti ń rí òṣùpá lórí ọ̀sà wa, n kò rí èyí tó jẹ́ búlúù rí. Kí ni wọ́n ń sọ gan-an?
Ìyá ẹlẹ́ja, ọjà Òluwó, Ẹ̀pẹ́

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ohun tó ṣọ̀wọ́n, tí kì í wáyé lemọ́lemọ́, ni wọ́n ń fi júwe. Lóde òní, àwọ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò, ìṣirò ni (orúkọ yẹn ló ń ṣini lọ́nà). Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ mọ̀ pé oṣù ojú ọ̀run kì í ju ọjọ́ 29 tàbí 30 lọ, àti pé Ràmàdáànì ń fi bí ọjọ́ 11 tètè dé lọ́dọọdún. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí òṣùpá bá kún lónìí, ó di ọjọ́ 29 ààbọ̀ kó tó tún kún. Ìlọ́po 12 rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 354, ọdún kan sì jẹ́ 365. Ọjọ́ 11 tó ń ṣẹ́ kù á máa gorí ara wọn. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, wọ́n á ti tó òṣùpá kan. Ìgbà yẹn ni oṣù kàlẹ́ńdà kan á ní òṣùpá àrànmọ́jú méjì, èkejì ni "blue moon". Nínú oṣù Karùn-ún 2026, ọjọ́ 1 àti ọjọ́ 31 ló bọ́ sí. Oṣù Kejì kò lè ní i láé, ọjọ́ rẹ̀ kò tó.

Òṣùpá ti ṣe búlúù lóòótọ́ rí ṣá: nígbà tí òkè oníná Krakatoa bú gbàmù ní Indonéṣíà ní 1883, eérú tó gba ojú sánmà ń tú ìmọ́lẹ̀ pupa ká, ó wá ku búlúù.

Kí ọmọ yín ṣọ́ra: ọ̀rọ̀ náà kì í bá "never" tàbí "every week" rìn. Ohun tí wọ́n ń sọ ń ṣẹlẹ̀, ó kàn ń pẹ́ ni. "My uncle visits us once in a blue moon" dára.

Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi ní "no moonlighting". Ṣé n kò gbọdọ̀ rìn lóru ni?
Òṣìṣẹ́ tuntun, Ẹ̀pẹ́

Rárá o. Iṣẹ́ kejì ni wọ́n ń sọ, èyí tí èèyàn sábà máa ń fi alẹ́ ṣe, tí ọ̀gá kò mọ̀ sí. Tí ẹ bá ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ́yìn iṣẹ́, ó kàn yín. Ẹ wo ìparí gbólóhùn náà: tí "without written consent" bá wà níbẹ̀, ẹ lè kọ̀wé tọrọ ààyè, kí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí iṣẹ́ ọ̀hún ń gbà sí i. Tí kò bá sí, ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

"Over the moon" ńkọ́?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ẹ̀pẹ́

Tí o bá túmọ̀ rẹ̀ sí "mo wà lókè òṣùpá", máàkì ti lọ nìyẹn. "Inú mi dùn ṣìnkìn" ni.