Ẹ̀yin Béèrè, A Dáhùn: Àsọyé Ìrọ̀lẹ́ Ọ̀fẹ́ Lórí Igbó àti Òkè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Láìpẹ́ yìí ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin gun òkè Àdó-Àwáyè dé ibi adágún Ìyáàké tó wà lórí àpáta. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wù wá láti máa pe àwọn ará àdúgbò jọ ní ìrọ̀lẹ́ kan lóṣooṣù, kí a máa sọ ohun tí a rí fún wọn, kí a sì máa pe àwọn tó mọ igbó jù wá lọ wá sọ̀rọ̀, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ní ohun ọ̀fẹ́ kì í níyì, àwọn mìíràn ní kò sẹ́ni tí yóò jáde nílé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti òkúta. Kí ni ẹ rí sí i? Olùkàwé, Bódìjà.

ÌDÁHÙN: Ẹ má jẹ́ kí irẹ̀wẹ̀sì bá yín. Ìrọ̀lẹ́ gan-an ni àwọn baba wa ń sọ̀rọ̀ igbó: bí ọdẹ bá ti ìgbẹ́ dé, àgbàlá ni tọmọdé tàgbà ti ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó kó tó jókòó. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ di mú ṣinṣin ni pé kí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ jẹ́ ẹni tó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀, kí ó sì mú nǹkan tí a lè fọwọ́ kàn dání.

Mo ti jókòó níbi àsọyé kan tí olùbánisọ̀rọ̀ ti kọjú sí ògiri fún wákàtí kan gbáko, tó ń ka ohun tó kọ síbẹ̀ fún wa. Ìdajì wa ti lọ kó tó parí. Ní ìrọ̀lẹ́ mìíràn, ọdẹ àgbà kan da yanrìn tútù sínú àwo pẹrẹsẹ, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹtu rèé." Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kó fẹ̀, kó sì jìn díẹ̀, ó ní, "Ìgalà nìyí." Ó wá ṣàlàyé pé bí etí ojú ẹsẹ̀ bá ṣì mú, ẹranko náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, ṣùgbọ́n bí yanrìn bá ti ń wó sínú rẹ̀, ó ti rìn jìnnà. Iná lọ láàárín ọ̀rọ̀ náà, a tan fóònù lé àwo yanrìn lórí, kò sì sẹ́ni tó dìde.

Ibi tó sún mọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ni kò mọ̀ pé ẹyẹ kan ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn. J. H. Elgood, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1958, orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ń pè é ni Malimbus ibadanensis. Ẹbí ẹ̀gà ni, ara rẹ̀ dúdú, akọ rẹ̀ pupa lórí àti láyà. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé, ó sì wà lára àwọn ẹyẹ tó lè run nítorí igbó tí à ń gé. Igbó tó wà nínú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti lè rí i. Mo gbà gbọ́ pé ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan yóò gbójú sókè wo igi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ kọ̀wé sí FRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó tó wà ní Jẹ́ríkò, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ewé gbígbẹ tí a lẹ̀ mọ́ pépà, tí a kọ orúkọ ẹni tó já a àti ibi tó ti já a sí. Ẹ má gbàgbé àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó ń kọ́ni nípa ewéko àti ẹranko.

Ní ti iyì, ọ̀fẹ́ kọ́ ló ń bà á jẹ́. Àìpa àkókò mọ́ ni, àti ọjà títà. Bí ẹ bá kéde aago márùn-ún, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún, ì báà ṣe ènìyàn mẹ́fà ló jókòó. Ẹ má gba ẹni tó fẹ́ ta àgbo láàyè, ẹ má sì gbé gbohùngbohùn fún olóṣèlú. Ẹ̀yin márùn-ún ni kí ẹ máa dá owó epo jẹnẹrétọ̀ láàárín ara yín. Nítorí pé oòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago méje, ọ̀sẹ̀ tí òṣùpá bá ń ràn mọ́jú ni kí ẹ yàn, kí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lè ríran dé ilé.

Kí àsọyé kọ̀ọ̀kan sì parí pẹ̀lú ìkéde ibi tí ẹ ó jọ lọ. Ẹ lè kọ́kọ́ gun Láyípo lórí Òkè Àrẹ, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936, kí àwọn tó wá gbọ́ àsọyé rí bí ìlú ṣe tẹ́ rẹrẹ. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ẹ̀bá omi Ẹléyẹlé. Ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn bá ti mọ́ ọn ni kí ẹ tó dárúkọ Olókemejì, igbó tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1899.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lọ gbọ́ irú àsọyé bẹ́ẹ̀, ó wá fẹ́ bá wọn wọ igbó. Bàbá rẹ̀ ní ejò yóò bù ú jẹ. Ìyá kan, Mọ́níyà.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ̀rù bàbá wọn tọ́. Paramọ́lẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ sáàárín ewé gbígbẹ, kì í tètè sá fún ènìyàn. Nítorí náà bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ àti ṣòkòtò gígùn ni kí ó wọ̀, kí ó mú ọ̀pá dání, kó má sì ki ọwọ́ sí ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí wọ́n má sín gbẹ́rẹ́, kí wọ́n má fẹnu fà á, kí wọ́n má sì so ó le. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà wà lójú kan, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn lọ bóyá wọ́n ti gba àṣẹ, bóyá mọ́tò yóò dúró dè wọ́n, àti ta ni yóò máa ka orí ènìyàn ní àlọ àti àbọ̀. Bí ìdáhùn wọn bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kó lọ, kí bàbá rẹ̀ sì bá wọn lọ ní ìgbà àkọ́kọ́.